Afunfèrè Kẹta Láti Òkè Ìdáàṣà

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé ẹ̀kọ́ a máa bi mí pé, "Bàbá kékeré, ṣé iṣẹ́ ni kéèyàn máa fẹ́ atẹ́gùn sínú idẹ?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ni, àti pé atẹ́gùn yẹn ló kọ́ ilé tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tó. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe, ó yẹ kó gbọ́ èyí tó dùn, kó gbọ́ èyí tó korò, kó sì gbọ́ nípa ọjọ́ tí ẹ̀rù ba àgbàlagbà tó jókòó níwájú rẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó tọ̀ sára. Èmi ni àgbàlagbà náà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ọdún márùn-ún péré ni mo lò lọ́dọ̀ àwọn Mọnpẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn àlùfáà Kátólíìkì, kí bàbá mi tó ní kí n wá gbé ọkọ́. Nítorí náà, ẹ má retí gbólóhùn aláràbarà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Òkè Ìdáàṣà ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rí, kó fojú inú wo àpáta ńláńlá tó jókòó káàkiri bí erin tó sùn, tí ilé àti oko iṣu wà láàárín wọn. Ìlú olókè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pè wá. Èmi kò fi ẹnu kà wọ́n rí, ẹsẹ̀ mi ló kà wọ́n.

Láyé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí ogun ń kó èèyàn, orí àpáta wọ̀nyí ni wọ́n sá gùn. Wọ́n ní ìwo ẹfọ̀n tí wọ́n ń fun. Bí wọ́n bá fun ún lórí òkè kan, òkè tó kàn án gbọ́dọ̀ dáhùn. Ohùn mẹ́ta ni ìdáhùn náà: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "A wà láàyè, a gbọ́." Bí òkè kan bá pè tí èkejì kò dáhùn, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀tá ti gba ibẹ̀, àwọn obìnrin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Kí wọ́n tó bí mi, ogun ti tán tipẹ́. Àṣà náà kò bá a lọ. Bí ẹnì kan bá súfèé láti òkè, o dáhùn. Bí ìyá rẹ bá ké láti oko, o dáhùn ná kí o tó béèrè ohun tó fẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ìpè kì í bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó sọ mí di afunfèrè ni Bàbá Matíà. Ó ti ṣe sójà fún àwọn Faransé, ó ti fun fèrè fún wọn lójú ogun lókè òkun, ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó ń tiro àti ohùn tó lè lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu láti òkè kejì. Àwọn Mọnpẹ́ẹ̀ fi í ṣe olórí fanfáà, ìyẹn ẹgbẹ́ onífèrè tó máa ń ṣíwájú nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ bá ń lọ sí ihò àpáta Màríà Mímọ́ lóṣù kẹjọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi tọ̀ ọ́ lọ.

"Bàbá Matíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba Lámbẹ̀ yìí. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù nílé. Bóyá ẹ̀yin lè rí i lò."

Bàbá Matíà gbá àgbọ̀n mi mú, ó wo ètè mi bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin.

"Ètè rẹ̀ dára. Etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ."

"Fi í sílẹ̀, kí o máa lọ."

Odidi ọdún kan ni n kò fi ọwọ́ kan fèrè. Ó fún mi ní ewé tíìkì kan tó gbẹ, ó mú mi lọ sídìí àpáta, ó ní kí n fi ewé náà lé ara àpáta, kí n yọ ọwọ́, kí n máa fẹ́ ẹ kó má bọ́. Bí ewé bá bọ́, pàṣán á bọ́ sí mi léjìká. Mo fẹ́ ewé yẹn títí ojú mi fi ń ṣú. Lọ́jọ́ kan mo fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sí i, mo fi oje igi lẹ ewé náà mọ́ àpáta, mo sì dúró síbẹ̀ tí mo ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán. Bàbá Matíà dé, ó wò mí, ó wo ewé, ó jókòó, ó tan páìpù rẹ̀.

"Lámbẹ̀, o mà ti di ọ̀gá. Èémí rẹ pọ̀. Máa fẹ́ ẹ nìṣó títí páìpù mi á fi jó tán."

Ìdajì páìpù ni mo ṣubú. Kò nà mí lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn sọ pé, "Fèrè kì í ṣe idẹ. Èémí ni. Idẹ kàn ń bá a ru ẹrù ni." Mo ti jókòó lábẹ́ àwọn ọ̀gá ńlá látìgbà náà, àwọn tó kàwé dé góńgó. Kò sí èyí tó sọ ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó wá fún wa ní fèrè, orí òkè ló ti ń kọ́ wa. Á fi ẹnì kan sí òkè níhìn-ín, á fi ẹnì kejì sí òkè lọ́hùn-ún, òun á jókòó sísàlẹ̀ láàárín. Ẹni àkọ́kọ́ á pè, ẹni kejì á dáhùn ní ohùn mẹ́ta ti àwọn baba wa. Àkókò tí ó fún wa kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá jẹ́ kí ìpè bọ́ sílẹ̀, ebi ló máa sùn ti. Lọ́jọ́ kan inú ń run mí, mo ti lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpáta, ṣòkòtò mi ti wà lọ́rùn ẹsẹ̀, bí ìpè ṣe dún nìyẹn. Mo na ọwọ́, mo mú fèrè, mo dáhùn láti ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí. Nígbà tí Bàbá Matíà gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi. Ó ní, "Ìyẹn ni mo ń pè ní ọmọ iṣẹ́."

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ mi láti ka àmì orin nínú ìwé sójà kan tí ikán ti jẹ etí rẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ lókè òkun kò gùn láti sọ. Mọnpẹ́ẹ̀ kan tó wá láti ilẹ̀ Faransé gbọ́ fèrè mi lọ́jọ́ ìrìn àjò Màríà, ó kọ lẹ́tà sí ìlú rẹ̀, lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ wa, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, gba òmìnira, wọ́n ní kí n wá sí ilé ẹ̀kọ́ orin wọn. Ìyá mi gbọ́, ó ka ọwọ́ sórí.

"Ṣé wọn ò ní ètè lọ́hùn-ún ni?"

Ó di gàrí Paouignan, ìlú ìtòsí wa, fún mi, ó di ẹ̀pà, ó di ata gígún, ó sọkún títí ọkọ̀ ojú irin fi dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn obìnrin tó ń tajà létí ọ̀nà irin ṣàwàdà kí n má bàa rí ojú rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ńlá kì í lè sún mọ́ etí òkun ní Kotonu nígbà yẹn. Afárá irin gígùn kan ló wọ inú òkun lọ. Wọ́n á kó èèyàn sínú agbọ̀n, ẹ̀rọ á fi okùn gbé agbọ̀n náà sókè, yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbọ̀n bí ẹni ń fẹ́ àgbàdo. Èmi ọmọ òkè, tí mo ti ń sáré lórí àpáta láti kékeré, mo wọ agbọ̀n náà pẹ̀lú ìgbéraga. Agbọ̀n kúrò nílẹ̀. Mo di ojú, mo di okùn mú, mo ń ké pe Màríà, Jósẹ́fù, àti gbogbo ẹni mímọ́ tí orúkọ wọn wá sí mi lẹ́nu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, apá mi lo dì mú yẹn. Okùn wà lápá kejì."

Ọdún méjì ni mo fi wà nílé ẹ̀kọ́ orin ní ìlú náà, tó wà ní àríwá ilẹ̀ Faransé níbi tí òtútù ti ń bu etí jẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n dán mi wò, wọ́n sì gbà mí sínú ọkẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí afunfèrè kẹta. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé: ọdún ìdánwò ni ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹni tuntun bá ba orin jẹ́ níwájú àwọn èèyàn, wọ́n lè ní kó máa lọ. Bí wọ́n bá sì lé mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú náà ti kú nìyẹn, ọkọ̀ ojú omi ló kù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta orin, ojú rí, ẹnu dákẹ́. Àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó nìkan lé ní ogójì. Àwọn gòjé kan wà tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n ń dúró dì mọ́ bí ẹni di ìyàwó mú. Fèrè igi, fèrè idẹ, ìlù tó dà bí ìkòkò ààrò. Mo jókòó sórí àga mi létí, mo ń rò pé láìpẹ́ ẹnì kan yóò wá ní kí n dìde, pé àga náà lólúwa. Gbogbo wọn ń dán ohun èlò wọn wò, ariwo gba ilé bí ọjà Ìdáàṣà. Lójijì wọ́n dákẹ́. Ọkùnrin kan fun fèrè igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ohùn kan péré. Gbogbo ilé dá a lóhùn! Ọgọ́rin èèyàn, lórí ohùn kan náà, láìsí ẹni tó pàṣẹ. Ara mi bù máṣọ. Mo ní nínú ara mi pé, àwọn èèyàn yìí mọ̀ ọ́n! Àwọn náà mọ̀ pé ìpè kì í bọ́ sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo ṣe bí ẹni pé òtútù ni.

Lẹ́yìn náà ni orin bẹ̀rẹ̀. Mo gbàgbé láti gbé fèrè mi. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ ti ń gbọ́ òjò láti òkèèrè ní gbogbo ọjọ́ ayé yín, wọ́n wá gbé yín sínú ìkùukùu níbi tí wọ́n ti ń ṣe òjò.

"Gbé e sókè," Rojé sọ fún mi láti ẹ̀gbẹ́. "O ti pàdánù àyè mẹ́rin tó yẹ kí o ti fun."

Rojé ni olórí àwa mẹ́ta tí à ń fun fèrè idẹ. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, irun imú rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí iṣẹ́ afunfèrè kẹta jẹ́.

"Ìwọ rò pé fífun ni iṣẹ́ rẹ. Iṣẹ́ rẹ ni kíkà. O máa ka ọgọ́rin ìgbésẹ̀ orin ní ìdákẹ́jẹ́, wàá fun ohùn mẹ́rin, wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní èdè wa, bí ẹni tó ní òye. Àṣé èdè wa kò ní ìkánjú. Kí n tó parí "mẹ́rìndínlógójì" nínú ikùn mi, orin ti dé méjìdínlógójì. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo wọlé níbi tí kò yẹ kí n wọ̀, tí àwọn onígòjé bojú wẹ̀yìn wò mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà ní Faransé, mo sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣe ẹ̀rí nínú bàtà.

Ọ̀gá adarí wa, Mẹ́tìrì ni gbogbo wa ń pè é. Arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń dá orin dúró nítorí ohun tí etí tèmi kò tilẹ̀ gbọ́. Ìwọ á fi ọ̀sẹ̀ kan wá ohun tó ń bínú sí, nígbà tó bá sì yé ọ, ojú á tì ọ́ pé o ti ń gbé ayé láìgbọ́ ọ.

Oṣù kẹta mi ni nǹkan ṣẹlẹ̀. A ń múra orin ńlá kan sílẹ̀. Láàárín rẹ̀ gbogbo èèyàn á dákẹ́, fèrè idẹ kan á dá pe ìpè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni a ó jọ wọlé. Rojé ló ń fun ìpè náà. Ẹni tó kọ orin náà fẹ́ kó wá láti ẹ̀yìn ìtàgé, láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń dán an wò, àwọn akunlé ń kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, òórùn ọ̀dà gba ibẹ̀, nítorí náà orí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Rojé ti ń fun ún. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn yòókù ti ta orin yẹn láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n mọ̀ pé lọ́jọ́ tó bá di gidi, ẹ̀yìn ló máa ti wá. Kò sí ẹni tó rántí pé ẹnì kan wà láàárín wọn tí kò mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Láàárín orin, Rojé rọra dìde, ó gbé fèrè rẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Mo ní, háà, inú ń run bàbá yìí. Mo ń kà á lọ. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà náà ni ìpè dún láti ọ̀nà jíjìn.

Kì í ṣe orí mi ló dáhùn. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo gbé fèrè. Òkè kejì pè, ètè mi sì ti wà níbi iṣẹ́ rẹ̀: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Ó jáde gbòò. N kò fun fèrè dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó.

Ọ̀pá Mẹ́tìrì dúró lófuurufú. Obìnrin tó ń ta gòjé níwájú mi ká èjìká sókè bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. Rojé, níbi tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, pẹ́ díẹ̀ kó tó fun ìpè kejì, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Èmi ti fi fèrè sáàárín orúnkún, mo ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tó yẹ kí n wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù, n kò lè wọlé.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí sí yàrá Mẹ́tìrì. Rojé wà níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o fun fèrè?"

"Ọ̀gá, wọ́n pè."

"Ta ló pè?"

"Mùsíyè Rojé ni."

"Mo fun ohun tó wà nínú ìwé," Rojé sọ. "N kò pe ẹnikẹ́ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló ti wá, Ọ̀gá."

Mo fi Faransé mi tó ń tiro sọ fún wọn nípa òkè wa, nípa ìwo ẹfọ̀n, nípa àwọn obìnrin tó ń di ẹrù. Rojé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mẹ́tìrì kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dùn," ó ní. "Àwọn kan tilẹ̀ wá kí mi pé orin náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí ló bí mi nínú jù. Ẹni tó kọ ọ́ fi ìdákẹ́jẹ́ sí ẹ̀yìn ìpè yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà nínú ìwé bí ohùn ṣe wà níbẹ̀, ìwọ sì jí i. Lọ́jọ́ Àìkú, lọ́sàn-án, a ó tún un ta. Fèrè rẹ á wà létè rẹ nígbà ìpè, nítorí ìwọ náà máa wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá dáhùn, máa lọ sílé. Bí o bá fi fèrè sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù tí o kò sì wọlé, máa lọ sílé."

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ òkè lè rò pé ohun kékeré ni. Kí o dákẹ́, kí ló le níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bí mo bá ti rò ó pé mo jókòó tí mo jẹ́ kí ìpè bọ́ sílẹ̀, ìyá mi ni mo ń rí lórí àpáta tó ń di ẹrù. Mo lọ bá Rojé.

"Di etí rẹ," ó ní.

"Bí mo bá di etí, báwo ni mo ṣe máa gbọ́ ìgbà tí mo máa wọlé?"

"Òótọ́ ni." Ó ronú. "Ṣé mo lè fun ún kó burú, kó má bàa dà bí ìpè?"

"Ẹ̀yin náà á wá máa lọ sílé."

"Òótọ́ tún ni. Ó dára, gbàdúrà. Èmi kì í ṣe é, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ̀yin lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú dé. Ìgbà òtútù ni, gbogbo gbọ̀ngàn ń húkọ́ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Rojé dìde, ó kọjá níwájú mi, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó jáde. Mo gbé fèrè sí ètè. Mẹ́tìrì yí ojú sí mi, kò sì mú un kúrò.

Ìpè dún.

Èémí dìde láti ìsàlẹ̀ ikùn mi, ó gba àyà, ó dé ọ̀fun. Ètè mi ti di ara wọn mú fún ohùn àkọ́kọ́. Mo gbé èémí yẹn mì. Bí èèyàn ṣe ń gbé òkèlè iyán tó gbóná mì ni mo ṣe gbé e mì, ó sì ń dun mí bó ṣe ń lọ. Mo jẹ́ kí ìpè bọ́.

Kò bọ́. Ohun tí mo ti fi ariwo mi bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni mo wá gbọ́. Gbogbo ilé náà dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ibi tí kò sí èèyàn ṣe ń dákẹ́. Kò sí ẹni tó húkọ́. Ọkùnrin arúgbó kan ní ìlà iwájú la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Obìnrin kan di ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í mú, n kò sì rò pé wọ́n mọ ara wọn. Ọgọ́rin olórin di èémí wọn mú pẹ̀lú igi àti idẹ lọ́wọ́, ẹgbẹ̀rún èèyàn níwájú wọn náà di tiwọn mú, ìpè náà sì ń lọ láàárín gbogbo wọn, ó ń lọ, ó ń lọ, títí n kò fi mọ ìgbà tó tán. Mo ti gbé láàárín àpáta, mo ti rí òkun. N kò rí ohun tó tóbi tó ìyẹn rí.

Ìpè kejì dún. Mo kà á. A wọlé, èmi náà sì wọlé.

Lẹ́yìn orin, Mẹ́tìrì bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń rùn fún ọ̀dà. Kò dúró. Ó ní, "Mùsíyè, ìfidánrawò di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án. Ẹ má pẹ́." Kò pè mí ní Mùsíyè, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò lórí àga kẹta náà. Wọ́n ní kí n bọ́ sí èkejì lẹ́yìn tí Rojé fẹ̀yìn tì, mo ní rárá, ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Fèrè mẹ́rin ni mo lò gbó. Àkọ́kọ́ ń dì nínú òtútù, mo máa ń gbé e sábẹ́ ẹ̀wù bí ọmọ adìyẹ. Èyí tó kẹ́yìn fúyẹ́, ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo lára rẹ̀ tó fún oṣù kan. Nígbà tí mo dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé orin kọ. Kí n tó kúrò, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n so ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sókè orí wa, ẹ̀rọ kékeré kan tún dé tó ń tan iná bí ohùn rẹ bá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo iná yẹn. Èmi ń fetí sí ọkùnrin onífèrè igi.

Ọdún kẹrin lórí àga náà ni mo kọ́kọ́ rí ààyè wá sílé. Mo bá Bàbá Matíà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń pa ẹ̀pà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹrù ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́rùn mi. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò tíì dìde tí mo fi jẹ́wọ́.

"Bàbá, ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí, wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn, mo gbọ́, mo sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Nítorí iṣẹ́ ni."

Ó pa ẹ̀pà kan, ó pa èkejì.

"Ẹni tó pè ọ́, ṣé ewu wu ú?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ó fẹ́ mọ̀ bóyá o wà láàyè?"

"Ó mọ̀. Àga wa kan ara wọn."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Orin ló ń kọ, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀pà dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Lámbẹ̀, òmùgọ̀ ni ọ́! Ọdún mẹ́rin lo fi ń ru ìyẹn kiri? Èmi kọ́ ọ láti dá ẹni tó ń pè lóhùn. Ẹni tó ń kọrin kò pe ẹnikẹ́ni. Dìde, jàre, wá bá mi ṣa ẹ̀pà."

Mo ṣa ẹ̀pà. Ara mi fúyẹ́ títí mo fi padà. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́. Orí mi gba ọ̀rọ̀ Bàbá Matíà, ètè mi kò gbà á rí. Kò sí ọdún tí a kì í ta orin yẹn, kò sì sí ìgbà tí ìpè náà dún láti ẹ̀yìn tí èémí kò dìde láti gba iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń gbé e mì. Ó dùn mí ní gbogbo ìgbà, ẹnu sì ń yà mí ní gbogbo ìgbà. Àwọn kan ń sọ fún yín pé iṣẹ́ tó dára ni èyí tó bá yín lára mu. Èmi kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi kò bá mi lára mu rárá. Ohun tí mo gbọ́ nígbà tí mo gbé èémí mì ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó síbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.